Ìwé Tí A Kò Gbà Padà

  

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni a mú wá. A mọ̀ pé bí oníwàásí bá ti dárúkọ gbèsè, àwọn kan á ti máa wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó jẹ gbèsè ni a fẹ́ bú. Bí a ṣe ń wọ inú gbèsè, àwọn àlùfáà wa ti sọ ọ́ títí. Àáyà tó gùn jù lọ nínú Al-Kùráánì, ẹsẹ 282 nínú Sùúrà Bàkárà, orí rẹ̀ ló dá lé: pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí a dá ìgbà fún un, kí a fi ẹlẹ́rìí sí i, kí kíkọ rẹ̀ má sì ṣe sú wa, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń jáde kúrò nínú gbèsè ni a kì í sábà gbọ́. Àìmọ̀ èyí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé bàbá wa lọ́wọ́ wa ní Òmù-Àrán.

Oníṣòwò obì ni bàbá wa. Obì gbàǹja ni ó ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀siẹ́ àti ní àwọn abúlé tó yí Òmù-Àrán ká. Á dì í sínú agbọ̀n, á fi ewé bò ó dáadáa, ọkọ̀ á gbé e gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Ìlọrin, láti Ìlọrin ó di Kánò. Ẹni tó bá mọ òwò obì mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwìn ni ó fi ń rìn. Àgbẹ̀ á kó obì fún ọ láwìn, ọlọ́kọ̀ á gbé e láwìn, ìwọ náà á kó o fún àwọn Hausa láwìn, ó di ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá tà á tán kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Bí kòkòrò bá wọ agbọ̀n, tàbí tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́rin nínú ooru, ẹni tó wà láàárín ni gbogbo wọn ń wò. Bàbá wa ni ẹni tó wà láàárín.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1998, ó gbé ẹrù lọ sí Kánò, ẹrù náà kò bọ́ sí i, òun náà sì gbé ibà bọ̀ wálé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ọlọ́hun fi pè é.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Kí wọ́n tó kírun sí i lára, Lèmọ́mù yíjú sí àwọn èrò, ó ní ẹni tí òkú yìí bá jẹ lówó kí ó jáde wá sọ ọ́ nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti gbọ́ ìbéèrè yìí níbi ìsìnkú ẹlòmíràn, a kò kà á sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí ọkùnrin mẹ́ta dìde, tí obìnrin kan sì ránṣẹ́ láti ẹ̀yìn pé òun náà wà níbẹ̀, ilẹ̀ yí mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà jáde, ó ní, "Ó di ọrùn àwa ọmọ rẹ̀." Ìgbà náà ni Lèmọ́mù tó gbé ọwọ́ sókè pé Alláhù Akbar.

Kì í ṣe àṣà Òmù-Àrán lásán ni èyí. Wọ́n gbé òkú kan wá síwájú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní Mọ̀dínà, ó bèèrè bóyá ó jẹ gbèsè, wọ́n ní ó jẹ. Ó ní kí àwọn sàábé lọ kírun sí i lára fúnra wọn. Abú Kàtádà ló sọ pé òun gba gbèsè náà sí ọrùn, kí Anọbi tó kírun sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àáyà ogún nínú Sùúrà Nísáì fi yé wa pé lẹ́yìn gbèsè àti wàsíà ni ogún ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pín ilé kí ó tó san gbèsè, ilé onílé ló ń pín.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn fídáù, a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Lèmọ́mù. Àgbẹ̀ kan láti Ẹ̀siẹ́ ní bàbá wa jẹ òun ní 30,000 náírà owó obì. Ọlọ́kọ̀ ní 14,000. Ìyá kan tó jẹ́ alájọ àwọn obìnrin ọjà ní 10,000. Ẹni kẹrin ni olówó kan nílùú, Alájì ni a ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó gbé ìwé 39,000 jáde. Lèmọ́mù bi í pé èló ni ó kà lé bàbá wa lọ́wọ́. Alájì ní 30,000 ni. Lèmọ́mù ní kí wọ́n kọ 30,000, nítorí pé owó orí nìkan ni Al-Kùráánì fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú èlé. Alájì kò jiyàn. A ń yìn ín fún èyí títí di òní, nítorí pé bí ó bá jiyàn lọ́jọ́ náà, a kò mọ ibi tí a bá gbà.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 84,000 náírà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ má fi ojú owó òde òní wò ó. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n wa, owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan kan níwájú rẹ̀, àwa yòókù sì ń kọ́ iṣẹ́ tàbí ń lọ sílé ìwé. A bẹ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì gbà kí a san án ní ọdún mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí obì bá jáde àti nígbà tí owó oṣù bá wọlé. Àlùfáà àgbà kan fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ àdéhùn náà ní èdè Yorùbá, bí àwọn àgbà àlùfáà ṣe máa ń kọ ọ́, tíṣà kan sì tún un kọ ní ìsàlẹ̀ ìwé kan náà ní lẹ́tà tí gbogbo ènìyàn lè kà. Alájì ní kí a fi ilé bàbá wa dógò fún owó tirẹ̀. A gbà, nítorí ẹsẹ 283 tó tẹ̀lé àáyà gbèsè náà fi àyè sílẹ̀ fún dógò. A fọwọ́ sí i, àwọn ẹlẹ́rìí tẹ̀ka. Nítorí pé òun ló gba dógò, Alájì ló kó ìwé náà sápò.

Àṣìṣe wa ló wà nínú gbólóhùn tó parí yẹn. Ẹyọ ìwé kan ni a kọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ sọ bí a ó ṣe máa san, kò sọ bí yóò ṣe parí.

Ọlọ́kọ̀ ni a kọ́kọ́ san tirẹ̀ tán, ní ọdún 1999. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò gùn. Ó kọ rìsíìtì fún wa nínú ìwé tí ó fi ń gba owó ẹrù, ó bọ̀ wá lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ti Ìyá Alájọ gba omijé. Nínú Ramadan ọdún 2000, ó wá bá ìyá wa nílé ní ọwọ́ ìṣínu, ó ní 4,000 tó kù, òun ti fi jin òkú. Inú wa dùn, a ti ń ṣe àdúrà fún un. Ìyá wa ló bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó yín ni, àbí owó àjọ?" Ìyá Alájọ dákẹ́. Owó àwọn mìíràn wà nínú rẹ̀, wọn kò sì fi jin ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ni nǹkan kò lè yọ̀ǹda rẹ̀. Kò pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà ṣá. Ó lọ mú 4,000 nínú owó ọjà tirẹ̀, ó fi dí àjọ náà níwájú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wá padà wá sọ fún wa pé nísinsìnyí gan-an ni òun tó lè sọ pé òun fi jì í. Ẹ wo bí ìyá méjì tí kò lọ sílé ìwé kan ti parí ọ̀rọ̀ tí lọ́yà ì bá gba owó lé lórí.

Ti àgbẹ̀ Ẹ̀siẹ́ mú ìbéèrè wá tí ó yẹ kí ẹ̀yin tó ń kọ́ kéwú gbọ́. Ó ku 18,000 lọ́wọ́ wa, ìgbà tí a dá fún un sì ku bí ọdún kan. Ó ń fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ, ó nílò owó. Ó ránṣẹ́ pé bí a bá lè rí 10,000 fún òun lọ́sẹ̀ náà, kí a gbàgbé èyí tó kù. Àwa ti ń wá ọkọ̀ tí a ó wọ̀ lọ sí Ẹ̀siẹ́ nígbà tí àlùfáà tó kọ ìwé wa dá wa dúró. Ó ní nínú mẹ́sàbù Imáámù Màlíkì tí à ń tẹ̀lé, bí olówó bá yọ nínú owó rẹ̀ lórí àdéhùn pé kí onígbèsè tètè san ṣáájú ìgbà, àwọn onímọ̀ kò fọwọ́ sí i, nítorí pé ìgbà ni wọ́n ń tà, bí èlé ti ń ta ìgbà. Èyí kan ń fi owó lé e nítorí pé ìgbà gùn, èyí kan ń yọ owó nítorí pé ìgbà kúrú. Púpọ̀ nínú àwọn mẹ́sàbù yòókù náà wà lórí èyí. Àwọn kan wà tí wọ́n gbà á láàyè, Ibn Taymiyyah àti ọmọ ilé-kéwú rẹ̀ Ibn al-Qayyim wà lára wọn.

A ní, "Àlùfáà, kí ni ká wá ṣe?" Ó ní kí a lọ sọ fún bàbá náà pé kò sí àdéhùn kankan, kí a san ohun tí agbára wa bá ká, kí òun náà ṣe ohun tí Ọlọ́hun bá fi sí i lọ́kàn. A wá 12,000 jọ, a gbé e lọ sí Ẹ̀siẹ́. Bàbá náà kà á, ó rí i pé ó ju ohun tí òun bèèrè lọ, ó sì dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí wọ́n gbọ́ ọ létí, pé òun fi 6,000 tó kù sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè rẹ̀ lẹ́yìn òun. Ó yọ obì fún wa. Àwọn àgbà tó ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, a rí i lójú ara wa.

Ẹnìkan lè sọ pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni àlùfáà fi kọ́ wa. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀: bí ó bá wu bàbá Ẹ̀siẹ́ kí ó dúró de 6,000 rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, àwa náà kò sì ní lẹ́nu láti sọ pé ó yẹ àdéhùn. Ẹ rántí Káábù ọmọ Màlíkì, ẹni tó ń bá Ibn Abi Hadrad fa gbèsè nínú mọ́sálásí Mọ̀dínà títí ariwo wọn fi dé inú ilé Anọbi. Anọbi ṣí aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ júwe sí Káábù pé kí ó yọ ìdajì. Káábù gbà lójú ẹsẹ̀, Anọbi sì ní kí ekejì dìde lọ san èyí tó kù. Gbèsè tí ìgbà rẹ̀ ti pé ni ti wọn, kò sí ẹni tó ta ìgbà fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó ku Alájì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún 2001, lẹ́yìn ìrun, ẹ̀gbọ́n wa àti ìkejì rẹ̀ gbé 6,000 ìkẹyìn lọ sílé rẹ̀. Alájì gbà á, ó ṣàdúrà fún bàbá wa, ó ní, "Ó ti parí o, ẹ̀yin ọmọ dáadáa. Ìwé yín wà nínú àpótí, mo máa wá a jáde." A ní kò burú, bàbá. Ta ni yóò dúró lórí àgbà bíi tirẹ̀ pé kí ó wá ìwé jáde lójú ẹsẹ̀? A tún lọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn náà, ó sùn. Lẹ́yìn ìyẹn ojú tì wá láti máa bèèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ní ọdún 2005 àti 2006, rédíò kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn ju pé Nàìjíríà ń jáde kúrò nínú gbèsè Paris Club. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó máa ń yá àwọn mìíràn lówó ni, láti ọdún 1956 tí Argentina ti lọ bá àwọn olówó rẹ̀ jókòó ní ìlú Paris ni wọ́n ti ń pàdé. Nàìjíríà ti lọ bá wọn ní 1986, ní 1989, ní 1991 àti ní 2000, ọjọ́ ni wọ́n kàn ń sún síwájú fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni tó ń ti òkúta lọ síwájú ara rẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2005, ní ìgbà Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó yàtọ̀. Gbèsè náà tó bílíọ̀nù 30 dọ́là. Nàìjíríà á kọ́kọ́ san bíi bílíọ̀nù 6 tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí kò san, àwọn olówó á wá yọ tiwọn díẹ̀díẹ̀, Nàìjíríà á sì ra ìyókù jáde. Nígbà tó parí, bílíọ̀nù 18 ni wọ́n fi sílẹ̀, ó lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 12 tí a san. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin ọdún 2006 ni owó ìkẹyìn kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ lòun náà.

Ìtàn yìí mú wa rántí ọkùnrin kan ní ayé Anọbi, gẹ́gẹ́ bí Abu Saʿid al-Khudri ti sọ ọ́ nínú àkójọ Imáámù Muslim. Èso tí ó rà ṣòfò, gbèsè sì bò ó mọ́lẹ̀. Anọbi ní kí àwọn ènìyàn ṣe sàráà fún un, wọ́n ṣe é, kò tó. Ó wá sọ fún àwọn olówó rẹ̀ pé kí wọ́n kó ohun tí wọ́n rí, kò sí òmíràn fún wọn mọ́ ju ìyẹn lọ. Àwa oníṣòwò obì mọ irú ọkùnrin yẹn dáadáa. Nàìjíríà kò rí bíi tirẹ̀ ṣá, owó epo pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún náà. (Ó sì ti padà yá òmíràn. Lónìí, gbèsè tó jẹ lókè òkun ti ju bílíọ̀nù 40 dọ́là lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Ohun tó yẹ kí ó ta wá jí wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a kò gbọ́ ọ. Bí Paris Club bá ti fẹnu kò pẹ̀lú onígbèsè, kò tíì parí níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris, ìmọ̀ràn ni fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Onígbèsè gbọ́dọ̀ tún lọ bá Bìrìtìkó lọ́tọ̀, kí ó lọ bá Faransé, kí ó lọ bá Jámánì àti Japan lọ́tọ̀, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé bí òun ti yọ̀ǹda ti òun nìyí. Àwọn tó ń ka owó ní bílíọ̀nù kò gba "ìwé yín wà nínú àpótí" gbọ́. Àwa jókòó ti rédíò, à ń rẹ́rìn-ín pé gbèsè tiwa ti parí ní ọdún márùn-ún ṣáájú ti Nàìjíríà.

Alájì kú ní ọdún 2009. Ní ọdún 2011, yunifásítì Landmark bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán, àwọn àlejò ń wá ilé, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo ilẹ̀ tí wọ́n ti pa tì. Ọdún náà ni àwọn ọmọ Alájì tú àpótí bàbá wọn, wọ́n rí ìwé kan níbẹ̀ pé ilé wa wà ní dógò fún 30,000 náírà, kò sì sí ohunkóhun lára ìwé náà tó sọ pé a san kọ́bọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kà. Bí ó bá jẹ́ pé àwa ló rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú àpótí bàbá tiwa, ohun tí a ó ṣe nìyẹn. Ìwé tó bá wà lọ́wọ́ olówó, fún olówó ni ó ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti ń dárúkọ lọ́yà àti kóòtù. Ẹ̀gbọ́n wa kò sùn. Ìyá wa kò tilẹ̀ ronú ilé, ohun tó ń bi wá ni pé, "Ṣé bàbá yín ṣì wà nínú gbèsè láti ìgbà yìí wá ni?" Àlùfáà tó kọ ìwé ti kú, Lèmọ́mù ìgbà náà ti kú, tíṣà ti kó lọ sí ìlú mìíràn.

Lèmọ́mù tuntun pe ìdílé méjèèjì sí àgbàlá mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, ẹni tó ti lé ní 90 ọdún. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ní kékeré òun, òun rí àbúrò bàbá òun tó ṣe ìwọ̀fà. Àwọn tó kéré láàárín wa kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, ó wá ṣàlàyé. Ẹni tó bá yáwó á lọ máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, tàbí kí ó fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ náà ni èlé. Bí ó ṣe ogún ọdún, owó orí kò dín ní ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó owó náà jọ, wọn kì í fi rán ọmọdé. Wọ́n á pe onígbọ̀wọ́ tó dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ka owó lójú gbogbo ènìyàn, olówó á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó pé, ìwọ̀fà á sì bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní, "A dúpẹ́ pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí kò mọ̀wé, a mọ ọjọ́ tí ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ọjọ́ wo ni tiyín parí?"

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Òtítọ́ ni pé ọjọ́ tí owó tán lọ́rùn wa ni a mọ̀, a kò ní ọjọ́ tí àdéhùn parí.

Ìyá wa ní kí ọmọ kan lọ bá òun mú ìwé òun wá nílé. Àwa gan-an kò mọ̀ pé ó ní ìwé. Ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń kọ iṣẹ́ ni, etí rẹ̀ ti ká. Nítorí pé kò mọ̀wé, ó ya obì sí ojú ewé kan fún àgbẹ̀ Ẹ̀siẹ́, ó ya táyà fún ọlọ́kọ̀, igbá fún Ìyá Alájọ, ilé fún Alájì. Nígbàkúùgbà tí a bá ti san 1,000, ó fa ìlà kan. Lèmọ́mù ka ìlà tó wà lábẹ́ ilé. Ọgbọ̀n ni.

Àkọ́bí Alájì kà á fúnra rẹ̀. Ó ní, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Ìyá, ẹni tó fa ìlà yìí ni onígbèsè." Kò ṣẹ̀ wá, òótọ́ ni ó sọ. Àkọsílẹ̀ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò lè dá a láre.

Ìgbà náà ni opó Alájì dìde láàárín àwọn obìnrin. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà tí a ti jókòó. Ó ní, "Ọjọ́ Jímọ̀ ni. 6,000 ni wọ́n gbé wá. Èmi ni mo kà á, nítorí ojú bàbá yín kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní kí n rán òun létí ìwé lọ́jọ́ kejì. Èmi ni mo gbàgbé." Ó jókòó. Àwọn ọmọ rẹ̀ wo ara wọn. Obìnrin yìí mọ̀ pé bí ilé wa bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, òun náà á jẹ níbẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ yọ fìlà, ó ní, "Bí Ìyá bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kò kù."

Wọ́n fẹ́ fa ìwé náà ya lójú ẹsẹ̀. Lèmọ́mù ní ó tì o. Ó ní bí wọ́n bá ya á, lọ́la ọmọ ọmọ ẹnìkan á ní ìwé kan ti wà nígbà kan rí, kò sì ní sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní kí tíṣà kan kọ òmíràn: pé àwọn ajogún Alájì jẹ́rìí pé bàbá wọn ti gba 30,000 náírà rẹ̀ pé ní ọdún 2001, pé ilé ti kúrò ní dógò, pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tàbí nínú àwọn ọmọ wọn tó ní ẹ̀tọ́ kankan lórí rẹ̀ mọ́ nítorí gbèsè yìí. Wọ́n kọ ọjọ́ sí i, ti Lárúbáwá àti ti òyìnbó. Gbogbo àwọn ajogún fọwọ́ sí i, opó Alájì tẹ̀ka, ẹlẹ́rìí mẹ́rin fọwọ́ sí i, bàbá tó sọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà wà lára wọn. Ẹ̀dà mẹ́ta ni: ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan fún wa, ọ̀kan fún mọ́sálásí. Wọ́n wá fa ìlà gba ojú ìwé àtijọ́, wọ́n kọ "Ó ti parí" sí i, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀dà tiwa.

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wá wo ìwé yìí nílé wa, kí wọ́n lè kọ irú rẹ̀. Ẹni tó bá ti san gbèsè oko, tàbí tó ti gba ilẹ̀ kúrò ní dógò, á ní kí a jẹ́ kí òun wò ó. A kì í kọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá wa ní kí a ka ìwé náà fún òun. A kà á. Ó bèèrè pé, "Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá yín ló jẹ ẹ́, pé ó sì ti san án?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí a tún un kà. Nígbà tí a kà á tán lẹ́ẹ̀kejì, ó gba bírò lọ́wọ́ àbúrò wa, ó ṣí ìwé tirẹ̀ sí ojú ewé tí ó ya ilé sí, ó sì fa ìlà gbọọrọ kan kọjá lórí rẹ̀.